Títóbi agbérù oògùn RNA àti DNA: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yan èyí tó yẹ

Oògùn tó jẹ́ RNA tàbí DNA kò rọrùn láti rán níṣẹ́. Bí ó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìhòòhò, àwọn ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀ á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, kíndìnrín á sẹ́ ẹ dà sínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá agbérù fún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí ló gbà pé bí agbérù bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe dára tó. Èrò yẹn kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e kúrò lọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ibi tí ẹrù ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí a fẹ́ gbé e gbà wọ ara. Àwọn mẹ́ta yìí ló máa sọ iye nánómítà tó yẹ fún wa. (Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà, nm.)

Àwọn ẹnu ọ̀nà inú ara

Kíndìnrín ni àkọ́kọ́. Ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 6 nm máa ń gba inú asẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀. siRNA (RNA kúkúrú tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́) kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bí 7 nm, ṣùgbọ́n ó tínrín, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2 nm lọ, nítorí náà kíá ló ń bá ibẹ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ló tẹ̀lé e. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀ ní ihò lára, fífẹ̀ àwọn ihò náà sì tó nǹkan bí 100 sí 150 nm. Agbérù tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an. Èyí tó bá tóbi jù á dúró síta, àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á sì gbé e mì. Spleen, tó wà lápá òsì ikùn, máa ń gbá ohun tó bá ju 200 nm lọ mú. Ti ẹ̀dọ̀fóró ló burú jù: bí agbérù bá ṣù pọ̀ débi pé ó ti tóbi tó máíkírómítà mélòó kan, inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ ni yóò há sí, ewu ńlá sì ni.

Fún ohun tí a bá fẹ́ gún sínú ẹ̀jẹ̀, àyè tí a ní kò ju láti 6 nm sí 200 nm lọ. Àyè yẹn dà bí ẹni pé ó fẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sí i.

Oògùn méjì, àrùn kan: patisiran àti vutrisiran

Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ títóbi fún ẹnikẹ́ni, ibí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ilé iṣẹ́ kan náà, Alnylam ti Amẹ́ríkà, ló ṣe oògùn méjèèjì, àrùn kan náà ni wọ́n wà fún, púrótéènì kan náà ni wọ́n sì ń dí lọ́nà.

Orúkọ púrótéènì náà ni transthyretin, TTR. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí jíìnì rẹ̀ bá ní àbùkù, púrótéènì yìí á tú, á wá lọ gbá jọ sínú ọkàn àti sínú àwọn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àbùkù jíìnì tí wọ́n ń pè ní V122I, tó máa ń ba ọkàn jẹ́ lọ́jọ́ ogbó, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀ wá, èèyàn 3 sí 4 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì ń gbé e kiri. Bí bàbá àgbà kan nínú àwọn èèyàn wa ní Houston tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń sọ pé ọwọ́ òun méjèèjì ń kú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ọkàn rẹ̀ kò sì pọ́ǹpù ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ó yẹ kí dókítà rẹ̀ ronú kan TTR.

Oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí patisiran. Òun ni oògùn siRNA àkọ́kọ́ tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Inú bọ́ọ̀lù ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní LNP ni wọ́n kó o sí. Vutrisiran gba tirẹ̀ ní oṣù kẹfà 2022. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan lára òun. Ṣúgà mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ GalNAc ni wọ́n so mọ́ ìdí siRNA náà, ó parí.

| | Patisiran | Vutrisiran |
|---|---|---|
| Agbérù | LNP, 60–100 nm | GalNAc mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ kò ju nm díẹ̀ lọ |
| Bó ṣe ń wọ ara | díríìpù, nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú | abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ |
| Ìgbà | ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta | oṣù mẹ́ta-mẹ́ta |
| Ìwọ̀n | 0.3 mg fún kg kọ̀ọ̀kan | 25 mg |
| Oògùn tó ń ṣáájú rẹ̀ | steroid, paracetamol, àti méjì tó ń dí histamine | kò sí |
| Ìpamọ́ | fíríìjì, 2–8°C | 2–30°C |

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó wọn 70 kg. Patisiran 21 mg lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìgbà 17 lọ́dún: ó lé ní 350 mg, pẹ̀lú ìrìn àjò sí ọsíbítù ní gbogbo ìgbà yẹn. Vutrisiran 25 mg lẹ́ẹ̀mẹrin: 100 mg. Nínú ìwádìí HELIOS-A tí wọ́n ti fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, vutrisiran kò rẹ̀yìn sí patisiran nínú dídín TTR inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Báwo ni èyí tó kéré jù ṣe rí i ṣe? Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé. LNP máa ń bọ́ aṣọ PEG (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn) tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, púrótéènì kan tó ń jẹ́ ApoE á wá lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ á rò pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ló dé, á gbà á wọlé sínú àpò kékeré tí a ń pè ní endosome. Inú àpò yẹn máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, àwọn ọ̀rá LNP á wá yí padà láti dá ihò sí i lára. Síbẹ̀ ìdá 1 sí 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún siRNA ló ń rí ọ̀nà jáde níbẹ̀, ìyókù ṣòfò. GalNAc ní tirẹ̀ ń wá ASGPR, púrótéènì kan tó pọ̀ yanturu lójú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbòmíràn. Ṣúgà yẹn ló ń júwe ilé fún un. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ kéré, ó lè ti abẹ́ awọ ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èyí tí LNP 80 nm kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe wá rò pé kíkéré nìkan ló fún vutrisiran lágbára. Níwọ̀n bí kò ti sí ohun tó bò ó, àwọn tó ṣe é ní láti pààrọ̀ kẹ́míkà ara siRNA náà látòkè délẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù má bàa rí i gé. Àtúnṣe yẹn ló jẹ́ kó lè pẹ́ nínú endosome, tó sì ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá so GalNAc mọ́ siRNA tí kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí èsì yìí.

Ìmọ̀ràn mi níbí kò ní ìdábọ̀: bí ẹrù yín bá jẹ́ siRNA tàbí ASO (okùn kúkúrú kan ṣoṣo tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀), tó sì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ẹ ń lọ, GalNAc ni kí ẹ mú. Ọ̀nà yìí ni givosiran (2019), lumasiran (2020) àti inclisiran gbà. Inclisiran, tí wọ́n fi ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù, kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ méjì àkọ́kọ́. Fún ilé ìwòsàn tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, oògùn tó lè wà ní 30°C láìbàjẹ́ tóbi lójú mi ju ọ̀pọ̀ àǹfààní tí wọ́n ń kọ sínú ìwé lọ.

Ẹrù tó wúwo: kí ló dé tí LNP ṣì wà

GalNAc kò lè gbé mRNA, RNA gígùn tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe púrótéènì. Okùn kọ̀ọ̀kan nínú siRNA kò ju lẹ́tà 21 sí 23 lọ. mRNA inú abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti Pfizer àti BioNTech ní lẹ́tà 4,284. Kò sí ẹni tó lè tún kẹ́míkà gbogbo rẹ̀ ṣe bí ti vutrisiran kí ẹ̀rọ sẹ́ẹ̀lì sì tún lè kà á. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò wọ̀, ilé náà sì gbọ́dọ̀ gbà á.

Ibí ni ọ̀rọ̀ LNP kékeré àti LNP ńlá ti wọlé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Vancouver, nínú ẹgbẹ́ Pieter Cullis, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2016: wọ́n ṣe LNP tó ń gbé siRNA láti 27 nm títí dé 117 nm, wọ́n sì gún wọn fún eku. Èyí tó wà ní nǹkan bí 78 nm ló ṣiṣẹ́ jù nínú ẹ̀dọ̀. Àwọn tó kéré gan-an, tí a bá rò pé wọn yóò gba ihò ẹ̀dọ̀ wọlé bí ẹní mumi, ló ṣe aláìlágbára. Ìdí rẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù ọ̀rá bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó, tí ọ̀rá ara rẹ̀ sì ń tètè já sínú ẹ̀jẹ̀. Kí ó tó dé ẹ̀dọ̀, ó ti pàdánù ọ̀rá tí ì bá fi já endosome.

Ìṣirò ẹrù tún wà. Bọ́ọ̀lù 80 nm gba nǹkan tó tó ìlọ́po 19 ohun tí bọ́ọ̀lù 30 nm gbà. Fún siRNA, a lè fara da kíkéré. Fún mRNA, bọ́ọ̀lù 30 nm há jù. Fún ẹ̀dọ̀, nítorí náà, mo máa ń dúró láàárín 60 sí 100 nm, bí mo bá sì rí iṣẹ́ tó ń yangàn pé LNP òun jẹ́ 35 nm, mo máa ń wá bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀ kí n tó ka ohun mìíràn.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára yàtọ̀ pátápátá. Apá ni wọ́n ń gún un sí, àwọn kókó abẹ́ abíyá ni a sì fẹ́ kó dé, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara pọ̀ sí. Ohun tó wà láàárín 20 sí 200 nm lè dá ṣàn lọ síbẹ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ àfi kí sẹ́ẹ̀lì gbé e. Ní 2021 àwọn òṣìṣẹ́ Moderna tẹ ìwádìí kan jáde lórí LNP oríṣiríṣi tó wà láàárín 60 sí 150 nm. Nínú eku, títóbi yí èsì padà, àwọn kékeré kò ru ààbò ara sókè tó. Nínú ọ̀bọ, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ka èsì yìí sí pàtàkì gan-an, torí pé láàbù tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ lè náwó nára fún ọdún kan lórí àtimú LNP rẹ̀ tóbi sí i láti 80 sí 110 nm nítorí ohun tí eku sọ, kó sì jẹ́ pé kò ní ṣe èèyàn ní àǹfààní kankan. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn ní oṣù kejì 2022 láti gba ìmọ̀ mRNA láti ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ sí iléeṣẹ́ Afrigen ní Cape Town. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó bá máa ṣe iṣẹ́ yìí ní láti mọ ibi tí títóbi ti ṣe pàtàkì àti ibi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ spleen, ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ lọ sókè. RNA-lipoplex (àkópọ̀ RNA àti ọ̀rá) tí BioNTech ń lò fún àjẹsára jẹjẹrẹ tóbi ju 200 nm lọ, ó sì ní iná òdì (negative charge) díẹ̀ lára. Iná ara rẹ̀ yẹn kó ipa tó pọ̀ nínú ibi tó ń lọ, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ìyìn fún títóbi.

Jẹjẹrẹ

Fún kókó jẹjẹrẹ, kíkéré lérè, pàápàá irú èyí tó wà nínú pancreas (ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn), tí ara rẹ̀ le bí òkúta. Ní 2011 àwọn olùwádìí ní Tokyo fi agbérù 30, 50, 70 àti 100 nm wé ara wọn nínú eku. Nínú jẹjẹrẹ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jò, gbogbo wọn wọlé. Nínú ti pancreas, 30 nm nìkan ló ríbi wọ̀. Oògùn platinum ni wọ́n kó sínú wọn o, wọn kò fi RNA ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kó mRNA lọ síbẹ̀ ń bá ìṣòro méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà: ẹrù ń fẹ́ ilé ńlá, ẹnu ọ̀nà ń fẹ́ kékeré. Mi ò tíì rí ẹni tó yanjú èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

AAV àti LNP

Fáírọ́ọ̀sì ni AAV, kì í fa àìsàn tí a mọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 25 nm. Ìkarahun púrótéènì ló bò ó, nítorí náà kò ṣeé fẹ̀, kò ṣeé dín. DNA tó lè gbà kò ju nǹkan bí lẹ́tà 4,700 lọ. Ẹ wo àìsàn hemophilia, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dá. Oríṣi B nílò jíìnì factor IX, tó kéré, tó sì wọ inú AAV tí àyè ṣì ṣẹ́kù. Ìyẹn ni Hemgenix, tí FDA fọwọ́ sí ní 2022. Oríṣi A nílò factor VIII, tí odindi rẹ̀ tó nǹkan bí lẹ́tà 7,000. Àfi ìgbà tí wọ́n gé àárín rẹ̀ kúrò kó tó wọlé.

Ohun tí AAV ní tí LNP kò ní ni pé ó lè dé ibi tó jìnnà sí ẹ̀dọ̀. Zolgensma (2019) ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Luxturna (2017) ń ṣiṣẹ́ nínú ojú. Àmọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan, ara á ti mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣeé fún mọ́. LNP ṣeé tún gún. Bí àìsàn náà bá ń fẹ́ àtúnṣe ìgbà kan ṣoṣo tí jíìnì rẹ̀ sì kéré, AAV. Bí ó bá ń fẹ́ ìtọ́jú léraléra, tàbí ẹ́ńsáìmù àtúnṣe jíìnì tí a fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kó sì tètè kúrò nílẹ̀, LNP.

Kíndìnrín àti mùdùnmúdùn: ibi tí títóbi nìkan kò ti tó

Ohun méjì yìí dùn mí jù, torí àìsàn àwọn èèyàn wa ni. Àwọn ìyípadà jíìnì APOL1 tí wọ́n ń pè ní G1 àti G2 wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá; wọ́n ń gba èèyàn lọ́wọ́ àrùn oorun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, wà nínú ewu àrùn kíndìnrín. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe APOL1 sínú ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ fi GalNAc pa á lẹ́nu mọ́ níbẹ̀." Kò ní wúlò: ìmọ̀ tí a rí lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún fi hàn pé APOL1 tí kíndìnrín fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń fa ìjàǹbá. Inú kíndìnrín gan-an ni a ní láti dé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì le. Ní 2011, ẹgbẹ́ Mark Davis ní Caltech fi góòlù kéékèèké hàn pé ohun tó tó nǹkan bí 75 nm máa ń dúró sí mesangium, àárín asẹ́ kíndìnrín. Ní ọdún tó tẹ̀lé e wọ́n rí i pé agbérù polymer wọn tó gbé siRNA, tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tú palẹ̀ nígbà tó kan awọ asẹ́ yẹn. Podocyte, sẹ́ẹ̀lì tí APOL1 ń bà jẹ́, wà lẹ́yìn awọ náà.

Ní ti fòníkú-fọ̀la-dìde, ìtọ́jú méjì tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2023, Casgevy àti Lyfgenia, yẹra fún ìṣòro náà: wọ́n ń kó sẹ́ẹ̀lì jáde, wọ́n ń tún un ṣe níta, wọ́n sì ń dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn líle fọ mùdùnmúdùn eegun aláìsàn. Iye owó wọn nígbà tí wọ́n jáde, mílíọ̀nù 2.2 àti mílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Ibi tí a ń bá fòníkú-fọ̀la-dìde fínra jù lọ láyé, Nàìjíríà, kò lè san èyí. Nítorí náà ni mo ṣe ń fọkàn bá iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Philadelphia ní 2023 lọ: LNP lásán tí wọ́n so agbóguntàrùn tó ń wá CD117 (púrótéènì kan lójú sẹ́ẹ̀lì) mọ́, tó sì rí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eku láìsí pé wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì kankan jáde. Àmì tí wọ́n so mọ́ ọn ló mú un débẹ̀.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà kan gbọ́

Ẹ̀rọ tó ń ṣe LNP kò díjú. Ọ̀rá wà nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù níhìn-ín, RNA wà nínú omi kíkan lọ́hùn-ún, omi mẹ́ta sí ẹ́tánọ́ọ̀lù kan, wọ́n pàdé nínú ọ̀nà tóóró kan, bọ́ọ̀lù sì dá. Bí wọ́n bá yára pàdé, bọ́ọ̀lù á kéré. Bí ẹ bá fi kún ọ̀rá oní-PEG, tó sábà máa ń jẹ́ 1.5 nínú 100, yóò tún kéré sí i. Bí PEG bá wá pọ̀ jù, ApoE kò ní ríbi lẹ̀ mọ́. Ojú lásán lè sọ nǹkan fún yín: èyí tó wà ní nǹkan bí 80 nm máa ń dán búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, èyí tó ti ṣù pọ̀ á funfun bíi mílíìkì.

DLS, ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn fi ń wọn títóbi, ní àléébù kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bọ́ọ̀lù tó fi ìlọ́po 10 fẹ̀ ju òmíràn lọ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mílíọ̀nù kan tirẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti yí nọ́ńbà padà. Ẹ máa wo PDI pẹ̀lú, nọ́ńbà tó ń sọ bí títóbi àwọn bọ́ọ̀lù ṣe yàtọ̀ síra tó. Bí ó bá ti ju 0.2 lọ, "80 nm" tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò túmọ̀ sí ohun púpọ̀. Ẹ rántí asẹ́ 0.22 máíkírómítà tí a fi ń mú kòkòrò kúrò: agbérù tó bá sún mọ́ 200 nm á há sí i, àfi kí gbogbo iṣẹ́ náà ti wáyé nínú yàrá tí kò ní kòkòrò látìbẹ̀rẹ̀, owó gidi sì nìyẹn.

Ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú kó tó dì nínú fírísà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá yọ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí kan. Bí 80 bá di 140 lẹ́yìn tó yọ́, ẹ má gún un fún ẹranko kankan. Ẹ kọ́kọ́ yẹ iye sucrose inú rẹ̀ wò, kí ẹ sì wádìí bóyá fírísà náà dá dúró lóru.